Ọ́kíìdì Kì í Ṣe Àfòmọ́: Ìtàn Òdòdó Orí Igi, láti Odò Ọya dé Oko Ìgbómìnà

  

Ọ̀rọ̀ wa tòní kò dá lórí ajílẹ̀, kò sì dá lórí owó kòkó. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tó kan àdá ọwọ́ wa ni, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Kò sí ẹni tó ti roko ìdí obì rí, tàbí tó ti fi igbà gun ọ̀pẹ rí, tí kò tíì rí ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ewéko kan ni tí kì í hù láti ilẹ̀. Orí ẹ̀ka igi ló ń gbé. Ewé rẹ̀ nípọn, ó sì le. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí okùn òwú, ó lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó bá yọ òdòdó ni ẹni tó ń kọjá lọ yóò dúró. Òmíràn funfun, ó ń ta sánsán. Òmíràn pupa rúsúrúsú. Òmíràn jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ó ní àmì tóótòòtó bí ara ẹkùn. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pe gbogbo ìdílé yìí ní ọ́kíìdì. Àwa ní tiwa ń kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, a ní àfòmọ́ ni wọ́n. Orúkọ yẹn ló ń dá wọn lẹ́bi láìṣẹ̀.

ÀṢÌṢE ÈMI FÚNRA MI

Kí n tó sọ ìtàn àwọn ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ agíríìkì, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo lọ sí oko kan lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá láti fi bí a ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka obì àti kòkó han àwọn àgbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí mi ṣì tutù lọ́wọ́ mi. Mo dúró láàárín oko, mo gbóhùn sókè, mo ní: “Ohunkóhun tó bá wà lórí igi, tí kì í bá ṣe igi, ẹ gé e dànù.” Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ohun tí a gé sílẹ̀ ti kún agbọ̀n mẹ́ta.

Bàbá tó ni oko náà jókòó sí ìdí obì àbàtà kan, ó ń wò wá. Ó pè mí. Ó ṣa ohun méjì nínú agbọ̀n, ó gbé ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó gbé èkejì sí ọwọ́ òsì. Ó ní: “Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìjọba. Èwo nínú méjèèjì yìí ló ń mu omi ara igi mi?”

Mo ní: “Bàbá, méjèèjì ni o.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ sí ìdí ẹ̀ka kan tí a kò tíì dé. Ó fi èékánná họ gbòǹgbò ọ̀kan kúrò lára èèpo igi. Ó ń ṣí bí ẹni tó ń ṣí ewé lára ẹ̀kọ. Èèpo igi kò lọ́gbẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà ló fi àdá la ẹ̀ka mìíràn níbi tí èkejì jókòó sí. Èyí ti gba inú èèpo wọlé, ó ti fìdí sọlẹ̀ sínú igi gan-an bí èèkàn. Ẹ̀ka tó wà níwájú rẹ̀ ti gbẹ. Bàbá ní: “Olè wà, àlejò sì wà. Ìwọ ti ní kí a lé àwọn méjèèjì.”

Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìtàn ewéko yìí kiri nínú ìwé. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

OLÈ ÀTI ÀLEJÒ

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, gbogbo igi ní ń bá tan. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àfòmọ́ gidi tó ń bá kòkó, obì àti ọsàn wa jà kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀ tó ń lẹ̀ bí àtè, tí ẹyẹ náà á sì nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka igi tàbí kí ó yàgbẹ́ sí i. Irúgbìn náà á lẹ̀ mọ́bẹ̀, á hù, á gún inú igi, á sì máa fa omi àti oúnjẹ tí igi fà láti inú ilẹ̀. Olè ni, ó sì yẹ kí a gé e.

Ọ́kíìdì kò rí bẹ́ẹ̀. Orí èèpo igi ló jókòó sí, bí adìyẹ ṣe ń sùn lórí ẹ̀ka. Kì í wọ inú igi. Omi òjò tó ń ṣàn lára èèpo àti ìrì òwúrọ̀ ló ń mu. Eruku àti ewé jíjẹrà tó kó jọ sí ìdí rẹ̀ ló ń jẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ní aṣọ funfun kan tó dà bíi kànìnkànìn, tó ń fa omi lójú ẹsẹ̀ tí òjò bá kàn án, tó sì ń dì í mú nígbà tí oòrùn bá dé. Bí ẹ bá bu omi sí gbòǹgbò náà, ẹ ó rí i tí funfun yẹn yóò yí sí àwọ̀ ewé.

Irú kan wà tó fẹ́ràn ara ọ̀pẹ, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Graphorkis lurida. Ẹ̀yin adẹ́mu wa mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ìdí ọ̀pẹ jẹ́ ilé yín. Ó máa ń jókòó sí ibi tí imọ̀ ọ̀pẹ ti gé kù. Gbòǹgbò rẹ̀ kékeré á nà sókè ṣóṣóró bí ìgbálẹ̀ tí a dojú rẹ̀ kọ òkè. Ohunkóhun tó bá já bọ́ láti òkè, inú gbòǹgbò yẹn ni yóò há sí, yóò jẹrà níbẹ̀, yóò sì di ajílẹ̀ fún un. Ewéko tó ń ṣe ààtàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ ni òun náà.

ỌDÚN 1841 LÓRÍ ODÒ ỌYA

Báwo ni ewéko orí igi wa ṣe wọ inú ìwé? Ní ọdún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wọ Odò Ọya. Orúkọ àwọn ọkọ̀ náà ni Albert, Wilberforce àti Soudan. Captain Henry Dundas Trotter ni olórí wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi òwò irè oko rọ́pò òwò ẹrú. Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìrìn-àjò náà, Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n ti mú lẹ́rú ní kékeré kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní Sàró.

Ohun tó yẹ kí àwa àgbẹ̀ kíyè sí ni pé wọ́n gbé irinṣẹ́ oko lọ. Wọ́n dá oko àpẹẹrẹ kan sílẹ̀ lẹ́bàá Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé. Oko náà kò pé ọdún kan tó fi tú ká. Ibà ló kó wàhálà bá ìrìn-àjò náà. Òyìnbó tó lé ní 40 ló kú. Onímọ̀ ewéko wọn, Theodor Vogel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kú ní erékùṣù Fernando Po ní oṣù Kejìlá ọdún náà.

Olùtọ́jú ọgbà kan wà pẹ̀lú wọn tí ń jẹ́ John Ansell. Òun kò kú. Ní Fernando Po ló ti rí ọ́kíìdì ńlá kan, tí igi rẹ̀ dà bí ìrèké tẹ́ẹ́rẹ́, tí òdòdó rẹ̀ sì ní àmì bí ara ẹkùn. Ní ọdún 1844, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, John Lindley, kọ orúkọ ewéko náà sínú ìwé. Ó pè é ní Ansellia africana, láti fi rántí olùtọ́jú ọgbà yẹn. Ewéko yìí kò mọ sí erékùṣù nìkan. Ó wà ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ó sì tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà dé gúúsù. Kì í ṣe Ansell ló kọ́kọ́ rí i láyé. Ẹni tó ń fi igbà gun igi ti rí i tipẹ́. Ìwé ni kò ní.

Ẹ rántí pé Fernando Po yìí náà ni àwọn baba wa ń pè ní Panyá, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti lọ ṣiṣẹ́ lóko kòkó. A mọ̀ ọ́n sí Bioko lónìí. Ìtàn sọ pé láti ibẹ̀ ni kòkó ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1874. Nítorí náà, kòkó tí a ń gbìn àti ìwé àkọ́kọ́ nípa ọ́kíìdì ẹkùn yìí, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

ỌMỌ ẸRÚ TÓ KỌ́ AYÉ NÍ IṢẸ́

Ní ọdún 1841 kan náà, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Bourbon, tí a mọ̀ sí Réunion lónìí, nínú òkun tó wà ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà. Fàníílà, tí wọ́n ń fi sí bisikíìtì àti áísìkirìmù kí ó lè ta sánsán, ọ́kíìdì ni. Orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni wọ́n ti mú un wá. Ní Bourbon, ó ń gun igi, ó ń yọ òdòdó, ṣùgbọ́n kì í so, nítorí kòkòrò tó ń bá a gbé àtíkè láti ibì kan dé ibì kejì nínú òdòdó kò sí níbẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n àwọn onímọ̀ kò ran àwọn olóko ibẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ ọdún 12 kan tí ń jẹ́ Edmond, ọmọ ẹrú aláwọ̀ dúdú, ló rí ọ̀nà rẹ̀. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣí ìbòrí kékeré inú òdòdó sókè, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ àtíkè mọ́ ibi tó yẹ. Òdòdó náà so. Ọ̀nà yẹn ni àwọn àgbẹ̀ ṣì ń gbà títí di òní ní Màdágásíkà, tó ń mú fàníílà jáde ju gbogbo ayé lọ, àti ní Ùgáńdà pẹ̀lú. Wọ́n dá Edmond sílẹ̀ ní ọdún 1848, wọ́n sì fún un ní orúkọ Albius. Ó kú ní ọdún 1880 nínú òṣì. Àwọn tó lówó nínú ọgbọ́n rẹ̀ kò fún un ní nǹkan kan.

Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọgbọ́n ọ́kíìdì jẹ́ ọgbọ́n òyìnbó nìkan.

IGI 4,000 NÍTORÍ ÒDÒDÓ

Láàárín ọdún 1800 sí 1900, ìfẹ́ ọ́kíìdì gba àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kàn. Wọ́n ń rán ènìyàn lọ sí igbó gbogbo ayé láti lọ kó o wá. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n rán, Albert Millican, kọ ìwé kan ní ọdún 1891. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ní Kòlóńbíà, àwọn gé igi tó tó 4,000 lulẹ̀ kí àwọn tó lè kó ọ́kíìdì 10,000. Ẹ tún un kà. Igi 4,000.

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó ló kú sínú ọkọ̀. Àwọn tó dé òkè òkun kú sínú ilé gíláàsì, nítorí àwọn olówó náà rò pé ewéko ilẹ̀ gbígbóná ń fẹ́ ooru àti omi nìkan. Wọ́n sé ilé pa, wọ́n dáná sí i, wọ́n ń da omi sílẹ̀ kí ooru lè gba inú rẹ̀. Gbòǹgbò ń jẹrà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ jù. Ẹni tó bá ti gun igi rí lóko Ìlá kò bá ti sọ fún wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Àṣírí kejì wà nínú irúgbìn. Pádi ọ́kíìdì kan lè ní irúgbìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ti òmíràn ju mílíọ̀nù kan lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun ni. Kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀ bíi ti àgbàdo tàbí ẹ̀wà. Ní ọdún 1899, Noël Bernard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, rí ìdí rẹ̀. Ìran olú kan tí ojú kò lè rí, tó ń gbé lára èèpo àti nínú ewé jíjẹrà, ló gbọ́dọ̀ wọ inú irúgbìn yìí kí ó fún un ní oúnjẹ àkọ́kọ́. Láìsí olú yẹn nínú igbó, irúgbìn kò ní hù. Ní ọdún 1922, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà rí i pé a lè fi ṣúgà àti iyọ̀ ilẹ̀ rọ́pò iṣẹ́ olú náà nínú ìgò. Láti inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì tí wọ́n ń tà lọ́jà ayé lónìí ti ń jáde.

Ìtumọ̀ rẹ̀ fún wa ni pé bí a bá gé igi àgbà kan lulẹ̀, tí èèpo rẹ̀ ti gba olú yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, a kò lè gbin igi tuntun lónìí kí ọ́kíìdì hù sí i lọ́la. Ilé tí ọjọ́ kọ́ ni a wó.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ILÉ-IFẸ̀ DÁ SÍ I

Ọ̀rọ̀ náà padà wá sílé. Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1967, tí a sì ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, ní olùkọ́ kan nígbà náà tí ń jẹ́ W. W. Sanford. Ó rin igbó Nàìjíríà, ó ń ka ọ́kíìdì orí igi. Ní ọdún 1968 àti 1969, ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde: ibi tí oríṣiríṣi wọn ń gbé, bí ojú ọjọ́ ṣe kàn wọ́n, irú igbó tí wọ́n wà, àti irú igi tí wọ́n ń gùn. Ní ọdún 1983, ẹlòmíràn, B. Segerbäck, tẹ odindi ìwé kan jáde lórí ọ́kíìdì Nàìjíríà nìkan.

Ní ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Washington, wọ́n bá ara wọn ṣe àdéhùn CITES, tó ń dáàbò bo ẹranko àti ewéko inú igbó lọ́wọ́ òwò àṣejù. Nàìjíríà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pátápátá, ní ọdún 1974. Gbogbo ìdílé ọ́kíìdì ló wà lábẹ́ àdéhùn yìí. Kò sí ẹni tó lè kó o láti inú igbó wa gba ẹnu ibodè kọjá láìsí ìwé àṣẹ ìjọba. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ abà yín, tó ní òun yóò ra òdòdó orí igi ní àpò-àpò, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Sáńbíà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Níbẹ̀, ọ́kíìdì tó ń hù nínú ilẹ̀ ní iṣu kékeré, wọ́n sì ń gún un pọ̀ mọ́ ẹ̀pà láti fi se oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní chikanda. Nígbà tí oúnjẹ abúlé yìí di ohun tí ìgboro ń rà, wọ́n wú u títí ó fi wọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi nílé. Wọ́n wá ń kó o wá láti Tànsáníà. A kì í wú iṣu tán láìdá èbù sí.

ILẸ̀ WA, NÍBI TÍ IGBÓ ÀTI Ọ̀DÀN TI PÀDÉ

Ìtàn àwọn baba wa sọ pé nígbà tí Ọ̀ràngún kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ogbó tó gbà lọ́wọ́ Odùduwà ló ń la ọ̀nà fún un, àti pé láti inú “ogbó mi mọ̀nà” ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Wọ́n tẹ̀dó sí Ìlá Yàrà, kí wọ́n tó pínyà sí Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá. Ilẹ̀ tí ogbó náà mú wọn dé jẹ́ ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti ń pàdé. Èrè ni èyí fún wa, nítorí irú ọ́kíìdì méjèèjì ló lè gbé níhìn-ín.

Ti orí igi ń gbé ní etí odò, ní oko obì àti kòkó tó ṣì ní igi ńlá, àti ní ibi òjìji omi bíi ti ìṣàn omi Àyìkúnnúgbá ní Òkè-Ìlá. Ti inú ilẹ̀ ń gbé ní ọ̀dàn. Ẹ̀yin tó ń dáko iṣu lè ti rí i: lẹ́yìn tí iná ìgbẹ́ bá ti kọjá, tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, òdòdó àwọ̀ osùn kan á yọ láti inú ilẹ̀ tó dúdú, kó tó yọ ewé rárá. Eulophia ni wọ́n ń pè é. Iṣu rẹ̀ wà nísàlẹ̀, iná kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ katakata tó ń tú ilẹ̀ ń dé ibẹ̀, oògùn apako náà sì ń pa ewé rẹ̀.

Ohun márùn-ún ni ti orí igi ń fẹ́:

Èkíní, ìmọ́lẹ̀ tí kò mú jù. Kò fẹ́ òkùnkùn, kò sì fẹ́ kí oòrùn ọ̀sán jó o ní tààrà. Irú ìbòòji tí ọmọ kòkó ń fẹ́ gan-an ló ń fẹ́.

Èkejì, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yí gbòǹgbò rẹ̀ ká. Ẹni tó bá gbìn ín sínú ilẹ̀ tàbí tó rì í mọ́ inú ìkòkò yẹ̀pẹ̀ ti pa á.

Ẹ̀kẹta, èèpo igi tó rí pálapàla, tó sì pẹ́ kó tó bọ́. Èèpo tó ń dán tàbí tó ń ṣí dànù lọ́dọọdún kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fìdí múlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, omi tó ń wá tó sì ń lọ. Òjò, ìrì àti ọ̀rinrin òwúrọ̀ tó fún un. Omi tó dúró ń jẹ ẹ́ rà.

Ẹ̀karùn-ún, ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìgbà ọyẹ́, òmíràn á wọwé, òmíràn á súnkì. Kò kú. Inú igi rẹ̀ tó wú ló fi omi pamọ́ sí. Àwọn tí ewé wọn nípọn tilẹ̀ wà tí wọ́n ń pa ihò ewé wọn dé lọ́sàn-án, tí wọ́n á wá ṣí i lóru kí omi ara wọn má bàa gbẹ.

OHUN TÍ A Ó ṢE LÓKO

Kò sí ohun tí mo sọ yìí tó ní kí ẹ fi kòkó sílẹ̀ kí ẹ máa gbin òdòdó. Èmi kì í ṣèlérí owó tí n kò rí. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí àdá wa mọ ọ̀nà bíi ti ogbó àwọn baba wa.

Bí ẹ bá dé ìdí igi, ẹ kọ́kọ́ wo oríkèé ibi tí ewéko náà ti so mọ́ igi. Bí igi bá wú níbẹ̀, tí kò sí gbòǹgbò tó ń rìn lórí èèpo, tí ewéko náà sì yọ ẹ̀ka bí igi kékeré, àfòmọ́ ni. Ẹ gé ẹ̀ka náà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹ̀yìn ibi tó jókòó sí, kí ó tó so. Bí ẹ bá rí gbòǹgbò funfun tó ń rìn lórí èèpo, tí ẹ lè fi ọwọ́ ṣí i, tí ìdí ewé rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà tàbí tí ewé rẹ̀ nípọn, ọ́kíìdì ni. Ẹ jẹ́ kó wà.

Òótọ́ ni pé àyè kan wà tí kò yẹ kó jókòó sí. Kòkó ń yọ òdòdó lára igi rẹ̀ gan-an. Bí ọ́kíìdì bá bo ibi tí kòkó ti ń so, ẹ fi sùúrù ṣí i kúrò, ẹ fi ìko so ó mọ́ èèpo àyùnrẹ́ tàbí obì tó wà nítòsí ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ẹ má fi ìko náà há a mọ́ra jù. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, gbòǹgbò tuntun yóò ti di igi mú. Ìko á jẹrà, òun á dúró. Bákan náà, bí ẹ̀ka bá ti rà, tí ẹrù orí rẹ̀ fẹ́ fà á ya, ẹ gé e, kí ẹ sì gbé ọ́kíìdì rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni igi fúnra rẹ̀. Igi àgbà tó gbé ọ́kíìdì ni igi tó ń ṣíji bo kòkó, tó ń dá ooru ẹ̀ẹ̀rùn dúró, tó ń sọ ewé rẹ̀ di ajílẹ̀. Bí ọ́kíìdì bá ń yọ òdòdó lókè, àmì ni pé oko náà ṣì ní ìbòòji àti ọ̀rinrin. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè fẹnu kò pé abà kọ̀ọ̀kan yóò ní igi mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò ní tà fún oníṣẹ́ pákó. Àwọn baba wa ṣe é ní igbó òrìṣà. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005, kò bá má sí lónìí bí wọn kò bá fi òfin de àdá níbẹ̀.

Mo padà sí oko Bàbá yẹn lẹ́yìn ọdún bíi méje. Bàbá ti wọlẹ̀. Àwọn ọmọ ti ta arère àti àyùnrẹ́ inú oko náà láti fi ṣe ìnáwó, n kò sì lè bú wọn, nítorí òkú àgbà kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ lásán sin. Ọ́kíìdì wà nílẹ̀ káàkiri láàárín ẹ̀ka gbígbẹ, gbòǹgbò wọn dojú kọ oòrùn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, púpọ̀ nínú ọmọ kòkó tí wọ́n gbìn sí àyè igi wọ̀nyẹn ló jóná. Owó igi ti tán, ìbòòji kò sì ṣeé rà lọ́jà.

Mo ṣa mẹ́ta nínú àwọn tí kò tíì kú. Àkọ́bí Bàbá wá ìko wá, a jọ so wọ́n mọ́ obì àbàtà tí Bàbá máa ń jókòó sí ìdí rẹ̀, èyí tí wọn kò tà. Méjì mú. Mo gba ojú ọ̀nà ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo sì rí òdòdó funfun lórí rẹ̀. Àkọ́bí Bàbá ń roko nísàlẹ̀. Ó ní: “Agíríìkì, ẹ wò ó, àlejò wa ti jí o.”

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyí. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kó o jọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì fi í rán òṣìṣẹ́ agíríìkì tó ń bẹ oko yín wò. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.  Kí ọwọ́ ó ran oko, kí àdá ó sì mọ̀nà.